GCE Kì Í Ṣe Ìdánrawò: Àgbéyẹ̀wò Ìdánwò Tí Àwọn Ọmọ Wa Ń Jókòó Tì Kí Wọ́n Tó Parí Ilé Ìwé

Bí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ bá ti ń bọ̀ ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, tí àwọn ọlọ́kadà ti bẹ̀rẹ̀ sí í tan iná, ẹ ó rí àwọn ọmọ tó tún ń jáde nílé lẹ́yìn tí wọ́n ti bọ́ aṣọ ilé ìwé sílẹ̀. Lẹ́sìn ni wọ́n ń lọ. Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà nínú wọn ní ọdún 2024. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, SS2 ló sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀. Ìwé past question kẹ́míísìrì rẹ̀ ti já lẹ́yìn, ìyá rẹ̀ fi òwú dúdú rán an. Mo bá a nídìí ìbéèrè kan tí wọ́n ya àwòrán búrẹ́ẹ̀tì méjì sí, ọ̀pá gíláàsì tí wọ́n sàmì òǹkà sí lára: ọ̀kan kí ásíìdì tó bẹ̀rẹ̀ sí í kán sílẹ̀, èkejì lẹ́yìn tó kán tán. Kí ó ka iye tó wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan ni, kí ó yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ìkejì. Ó ń kà á bí ẹni ń ka rúlà, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Òǹkà búrẹ́ẹ̀tì kì í lọ bẹ́ẹ̀, òkè ni òdo rẹ̀ wà. Mo bi í bóyá ó ti fọwọ́ kan búrẹ́ẹ̀tì rí. Ó ní, "Rárá o, Bọ̀ọ̀dá. Ìgbà téèyàn bá dé SS3 ni wọ́n máa ń gbé e jáde." Oṣù kan péré ló kù kí ó jókòó ti pépà kẹ́míísìrì GCE, ìdánwò WAEC ti àwọn aládàáni, àwọn tí kì í tipasẹ̀ ilé ìwé forúkọ sílẹ̀.

Ẹ kò ní rìn jìnnà ní Ìfọ́n tàbí ní Ìlobùú kí ẹ tó bá irú rẹ̀ pàdé. Ìlú méjèèjì fara kanra. Ìfọ́n ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Orólù, Ìlobùú ni ti Ìrẹ́pọ̀dùn, ọ̀nà tó ti Òṣogbo lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ló so wọ́n pọ̀. Bí àsìkò ìforúkọsílẹ̀ GCE bá dé, àwọn òbí á mú ọmọ wọn lọ sí kaféè: wọ́n á gba nọ́ńbà NIN rẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n á ní kí ó tẹ̀ka. Bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ni ọmọ tí kò tíì parí ilé ìwé ń fi GCE ṣe, ìdáhùn kan náà ni ẹ ó gbọ́ lẹ́nu wọn: "Kó lọ fi dánra wò ni. Bó bá yege, ọpẹ́ ni. Bí kò bá yege, WAEC tilé ìwé ṣì ń bọ̀."

Gbólóhùn yẹn ni mo fẹ́ yẹ̀ wò tinú-tòde. Mo gbà pé ọmọ tó ṣì wà nílé ìwé lè ṣe GCE, kí ó sì ṣe é yọrí. Ohun tí n kò gbà ni pé ìdánrawò ni.

Kì í ṣe ọmọ tó wọ aṣọ ilé ìwé ni wọ́n dá ìdánwò yìí sílẹ̀ fún. Kí wọ́n tó dá àjọ WAEC sílẹ̀ ní 1952, Cambridge àti London ni ìdánwò ti ń wá. Ẹni tó bá fẹ́ kàwé tí kò rí ọ̀nà àtilọ, ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti òkè òkun nínú àpò lẹ́tà ló máa ń kà nílé. Irú ẹ̀kọ́ àjókòó-ilé-kà bẹ́ẹ̀ ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fi gba oyè B.Com ti Yunifásítì London ní 1944. Tíṣà, akọ̀wé kóòtù, òṣìṣẹ́ rélùwéè, àwọn ló ń fi àtùpà kàwé lóru lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́. Ìlobùú gan-an ní ìpín nínú ìtàn yẹn. Ulli Beier, tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ mọ́ iṣẹ́ ọnà Òṣogbo, ti gbé ní Ìlobùú láàárín àwọn ọdún 1950, lẹ́yìn tó kúrò ní Ẹdẹ. Iṣẹ́ tó gbé e dé àgbègbè wa ni ti ẹ̀kọ́ tí Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn ń gbé lọ bá àwọn àgbà ní ìlú wọn, àwọn tí ọjọ́ orí tàbí àìlówó ti mú kúrò lọ́nà ilé ìwé. Ẹni ogójì ọdún tó wá jókòó lórí bẹ́ǹṣì ọmọdé lálẹ́, irú rẹ̀ ni ìdánwò aládàáni ń dúró dè.

Nígbà tó yá, ọ̀nà là. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955. Ní 1979, ìjọba Bọ́lá Ìgè sọ ilé ìwé gírámà di ọ̀fẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́, níbi tí àwa náà wà kí wọ́n tó dá Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991. Ní 1988, àwọn ọmọ àkọ́kọ́ tó gba ètò 6-3-3-4 kọjá ṣe ìdánwò SSCE. Lẹ́yìn náà ni WASSCE rọ́pò rẹ̀. Wọ́n dá NECO sílẹ̀ ní 1999, òun náà sì ní tàwọn aládàáni ní ìparí ọdún. Láti 2018 ni WAEC ti fi ìpele kan kún un ní January àti February, kí èèyàn má bàa dúró di ìparí ọdún. Orúkọ orí ìwé ń yí padà, àmọ́ GCE kò kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn. Bí ilé ìwé ṣe ń pọ̀ ni ọjọ́ orí àwọn tó ń jókòó ti ìdánwò yìí ń wálẹ̀, títí tó fi kan ọmọ SS2.

Ẹ jẹ́ ká ka táàmù. Ọdún mẹ́ta ni ẹ̀kọ́ SS, táàmù mẹ́sàn-án. Ohun tí WAEC ń béèrè nínú GCE kò yàtọ̀ sí èyí tó ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ tó ti lo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Ọmọ SS2 tó bá jókòó ní November ti lo táàmù mẹ́ta àti àbọ̀. Ọmọ SS3 tó bá jókòó ní November kan náà ti lo mẹ́fà àti àbọ̀. Àwọn méjèèjì ṣì wà nílé ìwé, a sì ń fi orúkọ kan pe ohun tí wọ́n ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà wọn jìn síra. Ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn tí mo ti gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣìnà: ẹni tó ń yin GCE ń rántí ọmọ SS3, ẹni tó ń bú u ń rántí ọmọ SS2.

Àwọn òbí tó ń fi ọmọ sínú rẹ̀ kì í ṣe aláìmòye. Kírẹ́dì márùn-ún, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò sábà máa ń wà nínú rẹ̀, ni fásitì ń fẹ́, ọ̀pọ̀ wọn sì ń gba ìjókòó méjì. Ọmọ tó bá ti mú kírẹ́dì mẹ́ta nínú GCE ti ní ohun tó lè lẹ̀ mọ́ tilé ìwé. Ohun kan péré ni pé ìmọ̀ ìṣègùn àti irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní àwọn fásitì kan kì í gba ju ìjókòó ẹyọ kan lọ, ó sì yẹ kí òbí mọ èyí kó tó náwó. JAMB gba ọmọ láyè láti ṣe ìdánwò àṣewọlé kí èsì WAEC rẹ̀ tó jáde, àmọ́ ọkàn ẹni tí èsì rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ balẹ̀ ju ti ẹni tó ń retí lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní August 2025 sì fi kún ìbẹ̀rù náà. WAEC gbé èsì jáde, wọ́n ní 38.32% péré ló ní kírẹ́dì márùn-ún pẹ̀lú èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àjọ náà fúnra rẹ̀ rí i pé àṣìṣe wà nínú bí wọ́n ṣe máàkì àwọn iṣẹ́ kan tí wọ́n pín ìbéèrè wọn ní oríṣiríṣi kí àwọn ọmọ má bàa wo ìwé ara wọn. Wọ́n tún un ṣe, ó di 62.96%, wọ́n sì tọrọ àforíjì. Ẹ ronú kan ọmọ tó sunkún sùn lóru kí wọ́n tó tún un ṣe. Òbí tó bá rí irú èyí á fẹ́ kí ọmọ òun ní èsì méjì lọ́wọ́, n kò sì lè dá a lẹ́bi.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ìdí mìíràn wà tí àwọn ará Ìbàdàn àti Èkó lè má mọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, ìjà ilẹ̀ láàárín Ìlobùú, Ìfọ́n àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun le débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ kéde kónílé-ó-gbélé oníwákàtí mẹ́rìnlélógún. Bí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ bá dé, kò sí ọmọ tó ń lọ ilé ìwé, kò sí lẹ́sìn, kò sì sẹ́ni tó lè wọkọ̀ lọ Òṣogbo. Ọmọ Olúfọ́n ní Ìfọ́n àti ọmọ Olóbùú ní Ìlobùú ń ka ìwé kan náà fún ìdánwò kan náà, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì ń gbà. Mi ò ní sọ ẹni tó jẹ̀bi. Mo kàn mọ̀ pé òbí tó bá ti rí ọ̀sẹ̀ tí ilẹ̀kùn gbogbo ilé tì á fẹ́ kí ọmọ òun ti ní nǹkan kan nílẹ̀ kí òmíràn tó dé. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ láti gbe GCE lẹ́yìn, èyí ló wọ̀ mí lọ́kàn jù.

Ẹ̀gbọ́n mi, bàbá ọmọ náà, àgbẹ̀ ni. Nígbà tí mo tako ọ̀rọ̀ yìí níwájú rẹ̀, ó fi iṣu dá mi lóhùn. Ó ní, "Ṣebí a máa ń gé iṣu lábẹ́ ebè kí ọdún tó pé, ká tún fi ilẹ̀ bo orí rẹ̀ kó lè so èbù? Kí ló wá dé tí ọmọ ò lè ṣe GCE kó tún ṣe WAEC?" Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹ kì í gé èyí tí kò tíì ta. Ẹ máa ń fọwọ́ wá a nínú ebè kẹ́ ẹ tó yọ ọ̀bẹ." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì dákẹ́.

Fífọwọ́ wá a nínú ebè, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Yorùbá àti ẹ̀kọ́ ìsìn, ọmọ tó gbọ́n lè ka gbogbo ohun tó wà nínú ìlànà ẹ̀kọ́ wọn tán láàárín ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn kan. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ọ̀rọ̀ táàmù rárá. Wọ́n á ní kí ọmọ kọ àròkọ tó tó 450 ọ̀rọ̀, kí ó ka àyọkà, kí ó ké òmíràn kúrú. Ọmọ tó ti ń kàwé láti kékeré lè ṣe é ní SS2, ẹni tí kì í kàwé kò ní lè ṣe é ní SS3 pàápàá.

Ìṣirò ni ibi tí ìkánjú ti ń hàn. Pépà kejì rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́tàlá. Márùn-ún àkọ́kọ́ jẹ́ dandan, ogójì máàkì ló wà lórí wọn. Nínú mẹ́jọ tó kù, ọmọ á mú márùn-ún, ọgọ́ta máàkì. Ọmọ SS2 máa ń rò pé "máa mú" yẹn ti kó òun yọ. Nígbà tó bá ṣí i, á bá ìbéèrè lórí ìlà tó pín ayé sí òró àti ìbú, á bá ti mátíríìsì, á bá dífẹ́rẹ́ńṣíéṣọ̀n. Ní SS3 ni wọ́n ti ń kọ́ gbogbo wọn. Ohun tó kù fún un láti mú kò wá tó márùn-ún mọ́.

Sáyẹ́ǹsì le ju ìyẹn lọ, ọ̀pọ̀ òbí kò sì mọ ìdí rẹ̀. Ọmọ tó ń ṣe WAEC nílé ìwé á wọ yàrá àyẹ̀wò, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ da ásíìdì, á rí i bí àwọ̀ ṣe ń yí. Àwọn tó ń ṣe GCE kì í rí ìyẹn. Pépà ni wọ́n máa ń fún wọn dípò rẹ̀: àwòrán, òǹkà, àti ìbéèrè pé "kí lo máa rí bí o bá da èyí mọ́ tọ̀hún?" Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ nítorí wọ́n gbà pé ẹni tó ti ṣe é rí ló ń dáhùn, ẹni tó ti jáde ilé ìwé, tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ìgò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ka búrẹ́ẹ̀tì láti ìsàlẹ̀ kì í ṣe olódo. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi hàn án ni wọ́n ń bi í.

Past question ni gbogbo wọn gbójú lé. Ìjọba Arẹ́gbẹ́ṣọlá, gómìnà Ọ̀ṣun ìgbà náà, tiẹ̀ kó o sínú ẹ̀rọ Ọpọ́n Ìmọ̀ ní 2013, pẹ̀lú ìwé kíkà lóríṣiríṣi, wọ́n sì pín in fún àwọn ọmọ ilé ìwé gírámà Ọ̀ṣun. Lónìí, inú fóònù ni ó wà. Ó dára kéèyàn mọ bí ìbéèrè ṣe máa ń rí. Ṣùgbọ́n mo ti jókòó nínú lẹ́sìn kan rí tí tíṣà ń ka nọ́ńbà, tí àwọn ọmọ ń pe lẹ́tà: "Mẹ́rìnlá?" "B!" "Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún?" "D!" Kò sẹ́ni tó bi ìdí tó fi jẹ́ D. Ọmọ mẹ́ta péré ló ń kọ nǹkan sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù lọ ni ti sẹ́ńtà tí wọ́n ń pè ní àkànṣe. Òbí tó mọ̀ pé ọmọ òun kò tíì kà á tán, tó sì ti san owó ìforúkọsílẹ̀, ojú rẹ̀ kò ní gbà á kí owó náà ṣòfò. Ẹnì kan á wá sọ fún un ní kọ̀rọ̀ pé sẹ́ńtà kan wà tí "wọ́n máa ń ran ọmọ lọ́wọ́". Ẹni tó ní ìdánrawò ni kó wá rí i bí ìdánrawò náà ṣe di olè: kí ló dé tí a fi ń san owó àìmọ̀ lórí ohun tí a ní a kàn fẹ́ fi dán ọmọ wò? Òfin tó de màgòmágó ìdánwò ti wà láti 1999, WAEC sì máa ń fagi lé èsì. Ohun tó burú ju ìfagilé lọ ni pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti rí bàbá rẹ̀ tó ń ka owó fún ẹni tó máa kọ ìdáhùn. Kò sí ìwàásù tó lè wẹ ìyẹn kúrò lójú rẹ̀. Láti 2024, WAEC ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò àwọn aládàáni, mo sì ń retí pé á dín ẹ́kìsípò kù.

Àwọn ará wa tó wà ní Amẹ́ríkà máa ń béèrè bóyá ọmọ wọn lè ṣe GED, ìdánwò tí wọ́n fi ń gba ìwé ẹ̀rí ilé ìwé gírámà láìjókòó ní kíláàsì, níbẹ̀ bí àwọn ṣe ṣe GCE nílé. GED bẹ̀rẹ̀ ní 1942 nítorí àwọn ọmọ ogun tí ogun àgbáyé kejì kó kúrò nílé ìwé. Òfin tó dè é le gan-an: ẹni tí orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé ilé ìwé gírámà kò lè jókòó tì í. Ó ní láti kọ́kọ́ kúrò, àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 18 sì ní ìlànà mìíràn tí wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Wọn kò fẹ́ kí ìdánwò sọ kíláàsì di ahoro. Ní Benin, àwọn ará wa ní Kétu àti Pọbẹ̀ mọ ẹni tó ń forúkọ sílẹ̀ fún BAC, ìdánwò àṣejáde ilé ìwé gírámà wọn, láìsí ilé ìwé lẹ́yìn rẹ̀, candidat libre ni wọ́n ń pè é. Ti wa ló ṣí sílẹ̀ jù. Mi ò fẹ́ kí wọ́n tì í pa. Ilẹ̀kùn tó gba tíṣà àti òṣìṣẹ́ rélùwéè wọlé lẹ́ẹ̀kan kò yẹ ní títì. Ṣùgbọ́n ìṣísílẹ̀ rẹ̀ ti sọ ọ́ di ọwọ́ òbí láti ṣe olùṣọ́.

Ìkánjú fásitì náà kò tún fi bẹ́ẹ̀ lérè mọ́. Ní 2024, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ìgbà náà, Tahir Mamman, ní ọmọ gbọ́dọ̀ pé ọdún 18 kó tó wọ fásitì. Tunji Alausa tó rọ́pò rẹ̀ dá a padà sí 16 ní November ọdún náà. Ọmọ tó bá fi GCE fo SS3 ní ọdún 15 á wá jókòó sílé, yóò máa wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń lọ ilé ìwé láàárọ̀. Ọdún kan náà ló fò, ọdún kan náà ló tún fi dúró.

Mo mọ ọmọkùnrin kan ní Ìlobùú, ọmọ bíríkìlà, tó ṣe é bó ṣe yẹ. SS3 táàmù àkọ́kọ́ ló wà. Tíṣà ìṣirò rẹ̀ ti bá a ka ìlànà ẹ̀kọ́ tán láàárín ìsinmi, orí kan lẹ́yìn òmíràn, wọ́n ń fi bírò pupa sàmì sí èyí tí wọ́n ti parí. Èyí tí àmì kò bá sí lára rẹ̀, kò forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò kó mẹ́sàn-án pé. Ó mú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó mú ìṣirò, ó mú mẹ́ta mìíràn, ó sì padà sí kíláàsì ní ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé pépà tó kẹ́yìn. Ó gbára dì fún un bí ẹni tí kò tún ní ṣe òmíràn mọ́.

Ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí èsì jáde, kírẹ́dì mẹ́ta ló wà níbẹ̀, Yorùbá ló wà lókè. Ìṣirò jẹ́ E8. Kẹ́míísìrì jẹ́ F9. Ìyá rẹ̀ ní kò burú, ìdánrawò ṣá ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ọmọ náà kò nawọ́ mọ́ ní kíláàsì kẹ́míísìrì. Ó ti rí lẹ́tà F lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ara rẹ̀, lórí ìwé WAEC gidi, ó sì ti gbà pé òun kọ́ ni kẹ́míísìrì wà fún. Táàmù kan àti àbọ̀ ló fi gbà bẹ́ẹ̀. Ìyẹn kò sí nínú owó tí a kà ní kaféè lọ́jọ́ tó tẹ̀ka.

A kò sọ fún un pé kó gbàgbé é. Bàbá rẹ̀ lọ bá tíṣà rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n má dúró de SS3 kí wọ́n tó gbé àwọn ìgò yẹn jáde. Tíṣà náà ní ẹ̀rọ kò pọ̀, àmọ́ wọ́n lè máa wá ní ọjọ́ Sátidé, mẹ́rin-mẹ́rin. Ní Sátidé kẹta ni fóònù mi dún. Àwòrán ló fi ránṣẹ́: búrẹ́ẹ̀tì kan tí ẹnu rẹ̀ ti sán díẹ̀, ìka rẹ̀ wà lára gíláàsì náà, ó ń tọ́ka sí òkè. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Bọ̀ọ̀dá, 24.60. Òkè ni mo ti bẹ̀rẹ̀."